Òkè Tó Ń Ga Sí I

Nígbà tí òjò Ọ̀wàrà bá rọ èyí tó kẹ́yìn,
tí kòkó bá ń gbẹ lórí ẹní lẹ́bàá títì Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
tí òórùn rẹ̀ ń wọlé bá wa ní yàrá,
Àkàngbé á bẹ̀rẹ̀ sí wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mi ò ní bi í pé níbo.
N ó ti bọ ẹyin mẹ́rin, n ó ti di ẹ̀pà sínú bébà.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn.
Kò sẹ́ni tó kọ déètì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ní Ìfọ̀fìn.
Ìyá rẹ̀ kàn ní: “Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọyẹ́ ò tíì dé.
Oko kòkó ni bàbá rẹ ti sáré wálé, tọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ ló fi gbé ọ.”
Ìbídàpọ̀ ọmọ wa ti mú ọjọ́ kan fún un nínú fóònù,
fóònù á máa ké bí ẹyẹ lọ́dọọdún,
bàbá rẹ̀ á ní: “Ojú sánmà ni kí o bi.”

Ogójì ọdún ló fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀.
Pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, òun la kọ́lé sí.
Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń fẹsẹ̀ wọn òkè,
ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sábẹ́ ahọ́n,
mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ṣóńṣó.
(Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi láyé ọjọ́un. Ìyà jẹ mí.)

Ọdún tá a gbéra wa níyàwó, ẹgbẹ̀fà géérégé.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọdún tí mo gbé oyún Dàpọ̀ gòkè, ó ní tòun ò yí padà,
èmi nìkan ni mò ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta.
Ọdún tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ̀je dín mẹ́wàá.
Ọdún tá a sin ìyá rẹ̀,
mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi,
mi ò gbọ́ oókan, mi ò gbọ́ eéjì.

Lọ́dún yìí ewé igi fúrúùtù ti pọ́n nídìí òkè,
ó ń já bọ́ lórí fìlà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù.
Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ọgbà.
A sinmi níbi tá ò ti í sinmi rí.
Nígbà tá a dókè, ó jókòó, ó nu ojú:
“Ẹgbẹ̀sán ó lé mọ́kànlá.
Ṣé o rí i? Mo ti ń wí. Òkè yìí ń ga sí i.”
Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́.
Mo ní, “Ó ń ga. Èmi náà ti fura.”

Ariwo wọn ló kọ́kọ́ dé:
Dàpọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ti Jọ́ọ̀sì wá,
ọmọ mẹ́ta, kéèkì nínú kúlà ẹja,
tòun tòórùn ẹja.
Atẹ́gùn ò jẹ́ kí àbẹ́là tàn, ìṣáná mẹ́sàn-án ṣòfò.
Àkàngbé fẹnu fẹ́ àbẹ́là tí kò tàn,
gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ìréọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, fà á láṣọ:
“Bàbá àgbà, mo kà á! Ó pé ọgọ́rùn-ún,
mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n dé.”
Ó yọ pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀:
Ọgọ́rùn-ún, lọ́nà púpọ̀.

Kì í kà á tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi, ó wúwo ju ti èṣí lọ.
Èmi ni mò ń kà á nínú,
mò ń gbẹ́sẹ̀ ní kéékèèké kí tèmi lè bá tirẹ̀ dọ́gba.
Mo ti lé ní ẹgbẹ̀rún
kí Ìréọlá tó bi mí pé ta ló ni kéèkì tó kù,
ló bá pòórá lọ́kàn mi.