Ikùn Ògiri

Ìyá àgbà Zdenka Hruška ló ránṣẹ́ pè mí,
ní Omaha, lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ tán.
Ó ní àwọn ìgò ṣẹ́rì òun ń rìn.
"Wọn ò ṣubú o," ó ní, "wọ́n kàn ń sún mọ́ mi ni."

Mo sọ̀kalẹ̀ sí àjà-ilẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́tàlá,
òórùn ilẹ̀ tútù àti ọṣẹ ìfọṣọ.
Mo so okùn ìwọ̀n kọ́ igi òkè,
mo jẹ́ kí irin ìdí rẹ̀ mì títí ó fi sinmi.
Okùn kì í parọ́, kò sì mojú ẹnikẹ́ni.
Lókè, ínṣì mẹ́rin ló wà láàrin òun àti ògiri.
Ní ìdajì, ínṣì kan àbọ̀.
Nísàlẹ̀, mẹ́rin padà.

Ògiri ti yọkùn,
bí ọkùnrin tó jẹun yó tó ń tijú láti tú bẹ́líìtì.
Ojú sìmẹ́ńtì là gbọọrọ láti igun dé igun,
ní igun méjèèjì, sísán ń gun búlọ́ọ̀kù lọ bí àtẹ̀gùn.

Ó bi mí pé: ta ló ṣe é?

Màmá, kò sí ọ̀tá níbẹ̀.
Amọ̀ ni.
Amọ̀ dúdú tó yí ilé yín ká
a máa mu omi bí ẹni tó ṣẹ́nu ààwẹ̀,
á wú, kò ní ríbi wú sí,
á fi èjìká ti ohun tó bá wà níwájú rẹ̀.
Ní Ògọ́ọ̀sì oòrùn á fà á gbẹ, á sún kì,
iyẹ̀pẹ̀ á já bọ́ sínú àlàfo tó fi sílẹ̀,
nígbà tí òjò bá padà dé, àyè ti kún,
àfi kó tún ti ògiri.
Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Mo mú un jáde lọ wo ẹni tó ń fún amọ̀ lómi.
Páìpù ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti já ní igun àríwá,
gbogbo òjò orí òrùlé ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri kan ṣoṣo.
"Ludvík ló máa ń tún un so."
Ó wo páìpù náà pẹ́.
"Ó pé ọdún mẹ́fà ní oṣù kejì."

Nígbà tí mo ha ọ̀dà funfun kúrò lójú sísán,
ìpele mẹ́sàn-án ni mo bá,
láàrin ìpele àti ìpele, ìkọ̀wé pẹ́ńsù:
1981, irun orí kan.
1990, etí káàdì.
2003, kọ́ìnì, ó wọ̀ ṣinṣin.
2011, ọmọńdinrín Zdenka. Kó má tíì mọ̀.

Ó kà á. Ó tún un kà.
Ó sọ nǹkan kan ní èdè Czech tí n kò gbọ́,
kò jọ àdúrà.
Ó wá ti ọmọńdinrín rẹ̀ bọ inú sísán náà.
Àyè ṣì ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò, èmi, Teague àti Gatluak.
A gbẹ́ amọ̀ kúrò lẹ́yìn ògiri dé ìpìlẹ̀,
a ti ikùn náà padà ní ínṣì kan, ó kọ ìyókù,
a kun ún ní kóótà,
a tẹ́ páìpù oníhò, a da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó.
Nínú ilé, òpó irin méje, láti ilẹ̀ dé igi òkè.
Irin kì í sọ ògiri di ọmọdé.
Ó kàn ń wí fún un pé: ó tó.

Ó ní ká má fi òpó kankan bo ìkọ̀wé náà.
Ìdí nìyẹn tí òpó kẹta fi yà sápá kan.
Nígbà tí alábẹ̀wò ìjọba bèèrè,
mo ní a bá àpáta pàdé níbẹ̀.
Gatluak wo bàtà rẹ̀.

Ó fún mi ní ìgò ṣẹ́rì kan.
Mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, nínú òjò.
Ó kan. Ó kan gan-an.