Àtàǹpàkò

Ní Kẹ́mwádì, lẹ́bàá ojú irin,
òjò kò tíì rọ̀, oko òwú ń retí.
Bíkájì apọ́nbẹ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé;
ó fún ọmọ Sulóchánà ní súìtì kan,
ó ní ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ-ọmọ òun.

Ẹnìkan ya fọ́tò.
Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: gbọ́mọgbọ́mọ.
Ó bá mi nídìí iná, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ mi.
Àtàǹpàkò nìkan ni mo fi tẹ̀ ẹ́,
ó di ọ̀dọ̀ èèyàn mọ́kànlélógójì;
búrẹ́dì tí mo ń yan kò tilẹ̀ jóná.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.
Tèmi kò fọ́.
Ó pa.

Ọlọ́pàá béèrè ẹni tó sọ òkúta.
Mo na ọwọ́ mi méjèèjì: ó mọ́.
Ọ̀bẹ tó bá mi pọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà
ṣì mú. Mo fi ń gé àlùbọ́sà,
mo sì dúpẹ́ pé àlùbọ́sà ni.

Ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ojú fóònù,
ìlà àtàǹpàkò mi wà nínú rẹ̀ kedere.
N kò tíì nù ún.