Kí N Tó Fọwọ́ Kan Àwùjẹ̀ Rẹ̀

Olúmorótì, pa fáànù yẹn.
Eruku ọyẹ́ ti bo Ìsánlú látòkè délẹ̀,
n kò fẹ́ kó bà lé ohun tí mo ṣí sílẹ̀ yìí.
Yọ okùn iná. Yọ bátìrì róbótó tó dà bíi kọ́bọ̀.
Fọwọ́ kan irin fèrèsé,
kí mànàmáná ara rẹ má baà bá ọ débi iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà àwọn oníkajú nìyí.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ka àpò,
tó mọ ẹni tó kó ogún wá,
tó mọ ẹni tó kó méjì tó ní mẹ́ta ni.
Bàbá Òtítọ́láyé akọ̀wé ra díìsìkì tuntun ní Kàbà,
ó tín-ín-rín bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó yára bí ọ̀kẹ́rẹ́,
ṣùgbọ́n máńbọ́ọ̀dù wò ó, kò dá a mọ̀.
Kò kọ̀ ọ́ o. A kò kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀ ni.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ bó bá jí sínú rẹ̀,
wọn ò tíì bí irú díìsìkì yìí.
Ìlà díẹ̀ ni mo fi kún un. Díẹ̀ náà ló ń bà mí lẹ́rù.

Wò ó níhìn-ín: ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ,
kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.
Àwùjẹ̀ nìyí, Olúmorótì.
Gbogbo agbárí ló le, ibí nìkan ló ń mí.
Àmì róbótó tó wà ní igun yẹn, ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ni,
òun ni wáyà pupa ń bá lọ.
Bó o bá gbé klíìpù sódì, iná á gba ẹ̀yìn wọlé,
ó parí nìyẹn.

Ka ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ síta. Tún un kà.
Fi àkọ́kà wé àkàtúnkà.
Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, klíìpù ò jókòó dáadáa.
Bí wọ́n bá dọ́gba, fi ọ̀kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi,
fi ọ̀kan sínú fúláàṣì, kó o fi fúláàṣì kọ́ ìṣó ara ògiri.
Ẹni tó ń tún òrùlé ṣe kì í ta páànù àtijọ́
kí òjò tó dán tuntun wò.

N kò gbọ́n báyìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.
Ní Mọ́pà, lọ́dọ̀ ọ̀gá Ayédùn,
mo rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti máńbọ́ọ̀dù iwájú mi.
Fẹ́rẹ̀ẹ́.
Iná ìjọba wà, mo ní kò ní lọ.
Ó dé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún
tí gbogbo àdúgbò fi ṣókùnkùn,
tí àwọn ọmọdé pariwo bíi pé bọ́ọ̀lù fò kọjá òpó.
Ọ̀gá ò bá mi wí.
Ó kan òkú máńbọ́ọ̀dù náà mọ́gi, lókè ibi tí mò ń jókòó sí.
Oṣù mẹ́rin ló fi wò mí,
owó oṣù mẹ́rin ni mo fi san án.

Nítorí náà, ka nọ́ńbà náà sókè.
Rárá, má ka ti páálí. Ka ti ara pátákó fúnra rẹ̀,
àti lẹ́tà tó kẹ́yìn.
Ínfátà ńkọ́? Ó kún?
Ó dáa. Pa ti àtijọ́ rẹ́. Kọ tuntun.

Ẹnì kan dé ẹnu ọ̀nà: “Òkun o!”
Má dìde.
Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìlú yìí,
n kò tíì gbọ́ Òkun kí n má dáhùn.

Ó kọ ọ́ tán. Ó ń fi wé ohun tí a fún un.
Ó bára mu.
Tú klíìpù. Dá bátìrì padà. So okùn.

Ojú rẹ̀ dúdú.
Ó ṣì dúdú.
Àkọ́jí lẹ́yìn irú èyí máa ń pẹ́; mo mọ̀,
àyà mi ni kò mọ̀.
Fáànù kékeré yí, ó dúró, ó tún yí.
Lẹ́tà funfun mélòó kan,
orúkọ díìsìkì ní ìlà kẹta.

Olúmorótì, ṣílẹ̀kùn.
Bá mi sọ fún bàbá pé Òkun o, kó má bínú.
Má tíì yọ fúláàṣì yẹn lórí ìṣó.