Ìpàkọ́ Mọ́tò

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí,
ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.
Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré,
n kò mọ̀ pé mọ́tò ni wọ́n ń bá wí.

Kọ̀ròlá tókùnbọ̀ ni, aláwọ̀ eérú,
ó ti lo ọdún méjìlá lókè òkun
kó tó gòkè dé Òkè-Àdó.
Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́,
àfi rédíò, àti ọrùn èmi tó ń wà á.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bẹ̀rẹ̀ gba ọmọ ọlọ́mọ ní Adéọ̀yọ́;
ọrùn wá gan bí ilẹ̀kùn tí òjò mú wú.
Bí mo bá fẹ́ wẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí.

Nígbà tí bàbá Mofẹ́ wà,
òun ló ń dúró lẹ́yìn, tòun ti sálúbàtà,
ìwé ìròyìn lábẹ́ apá:
“Máa bọ̀. Máa bọ̀. Ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún. Ó tó!”
Á gbá búùtù lẹ́ẹ̀mejì, á sì wọlé lọ.
N kò sanwó iṣẹ́ yẹn rí.

Ọdún kejì tí kò sí mọ́
ni mo fi ìdí mọ́tò kan ògiri Alàgbà Fátókùn.
Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta wó. Bọ́ńpà fà ya.
Alàgbà ní kò burú,
àmọ́ ó dúró ti bíríkìlà títí mo fi sanwó.
Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, àtògiri àtọ̀dà.

Mo bá gba Géètì lọ, sọ́dọ̀ Bísíríyù oníwáyà.
Ó jókòó láàrin iná mọ́tò tó ti kú
bí ẹni tó ń ta ojú.
“Màmá, oríṣiríṣi ló wà.”
Olójú mẹ́rin, a ó lu bọ́ńpà níhò mẹ́rin,
á máa ké bí ẹ bá ti ń súnmọ́ nǹkan:
ọ̀kẹ́ kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Ti kámẹ́rà, tó ní gíláàsì kékeré níwájú,
ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀; ẹ ó máa wo ẹ̀yìn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.
Òmíràn wà tí kì í luhò,
a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́nú bọ́ńpà bí báńdéèjì,
“ṣùgbọ́n bójò bá rọ̀, á máa purọ́.”

Mo ní, kámẹ́rà yẹn,
ta ni yóò máa nu ojú rẹ̀ lásìkò ẹrẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin náà ni.
Mo ní ṣé kò sí àlòkù ni.
Ó ní, “Mọ́tò yín ti jẹ́ àlòkù, màmá,
ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ jẹ́ tuntun.”
Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbowó lọ́wọ́ mi.
A ná olójú mẹ́rin títí, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún,
ó bá mi kùn ún láwọ̀ eérú lọ́fẹ̀ẹ́,
ó so wáyà rẹ̀ mọ́ iná rífáàsì
kó má baà jí àfi tí mo bá ń padà sẹ́yìn.

Kí n tó ṣíná, ó di ilẹ̀kùn mú:
“Ohun tó dúró nìkan ló mọ̀ o.
Kò mọ kòtò. Kò mọ gọ́tà.”

Gọ́tà!
Gọ́tà iwájú ilé wa jìn ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ.

Ó ń ké ṣá. Ó ké sí ewúrẹ́, ó ké sí koríko,
ó ké sí Alàgbà tó yọjú wá wo ògiri rẹ̀.
Pí. Pí. Pí-pí-pí, títí á fi di ẹyọ kan gbọọrọ.
Bó bá wá dé etí gọ́tà,
á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní rìbá.

Ìbídùn ọmọ ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ báyìí nírọ̀lẹ́,
bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ òsì.
“Ó kù! Ó ṣì kù! Ẹ dúró!”
Bisikíìtì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń san án.

Lánàá, ó gbá búùtù.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mo paná mọ́tò,
mo jókòó díẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn.