Ọgbọ̀n Ìgbà Lórí Àyà

Mautin, ọmọ ìyá mi, kò kú sínú ọ̀sà.
Orí iyanrìn gbígbẹ ló kú sí, ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà,
láàárín ọkùnrin mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ràn rẹ̀.

A gbé e sókè, a dorí rẹ̀ kodò bí àpò gàrí tó fẹ́ tán.
Ẹnì kan ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu.
Ẹnì kan ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ rẹ̀.
Èmi gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú.
Mo dì í mú dáadáa.
Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé kan,
Nọ́ọ̀sì Àrìnọlá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi
pẹ̀lú ọmọlangidi tí kò lápá, tí kò lẹ́sẹ̀,
orí àti àyà nìkan,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja nísàlẹ̀ ọkọ̀.
Sẹ̀wánù ní, "Ta ló jẹ ìyókù?"
Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.
Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹní, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń di àkàbà mú lọ sísàlẹ̀ omi
tòun ti garawa,
ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, níbo ló wà?"
Ọwọ́ kan nà síhìn-ín, òmíràn nà sọ́hùn-ún.
Láti ibi tí a ti ń wa iyanrìn, a ń rí afárá gígùn,
mọ́tò ń rìn lórí rẹ̀ bí èèrà,
kò sí ọ̀kan tó lè gbọ́ igbe wa.
Ìlú wà nítòsí; àwa la wà lókèèrè.
Wákàtí kan àti ààbọ̀, bí atẹ́gùn bá gbà fún ìgbòkun.

"Ọpọlọ èèyàn kì í dúró de atẹ́gùn," ó ní.
"Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti ń di ẹrù rẹ̀."

Bàbá Hùnsù wúkọ́. "Epo ni àwọn bàbá wa ń lò."
"Epo dùn nínú ọbẹ̀, Bàbá.
Nínú ẹ̀dọ̀fóró, iná ni.
Bí ẹ bá sì dorí èèyàn kodò,
ohun tó jẹ lánàá ló ń bọ̀ wá dí i lọ́fun."

Mo wo ọwọ́ mi.

Èmi ló pè ṣìkejì.
Èémí márùn-ún ṣáájú, torí omi ló gba tirẹ̀.
Ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà, ọwọ́ kejì lé e lórí,
ìgbọ̀nwọ́ ò gbọdọ̀ ká.
"Tẹ̀ ẹ́! Ìyàwó kọ́ lò ń rọra jí. Tẹ̀ ẹ́!"
Kọ́, ni ọmọlangidi ń dún, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ tó.
Kọ́. Kọ́.
Mo ń kà á bí a ti ń ka garawa.
Ọgbọ̀n garawa ni Mautin ń gbé
kó tó jókòó, kó tó béèrè sìgá.
Ní ọgbọ̀n, mo fẹnu kàn án: òórùn rọ́bà, òórùn sípíríìtì.
Mo mí sí i.
Àyà náà gbéra.

Wọ́n ní ó tó. Wọ́n ní ó kan Sẹ̀wánù.
Mi ò gbọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.
Nọ́ọ̀sì ò fà mí kúrò.
Ó ń bá mi kà á, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, títí apá mi fi kọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Hùnsù yọ ìgò epo kúrò níwájú ọkọ̀ rẹ̀,
ó ní kí ìyàwó òun fi dín ẹja.

Lọ́jọ́ Ajé, Sẹ̀wánù rì.
Okùn wà lọ́wọ́ mi, mo dì í mú dáadáa.
Ṣùgbọ́n báyìí, mo ń kà.
Ó yọrí ní méjìlélógójì, ó tu omi dànù,
ó ń bú mi pé kí ló dé
tí mo tẹjú mọ́ òun bí ẹni tí òun jẹ lówó.