Ìka Méjì

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Sábóńgàrì,
mo ní kó gbé mi dé Kọ́fà Wàmbáì.
Ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo Kánò,
ètè mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Abẹ bàbá mi wà nínú àpò mi,
mo fi aṣọ wé e lẹ́ẹ̀mẹta:
ojú abẹ ò ṣeé pọ́n lá,
kò sì ṣeé bá ṣeré nínú ọkọ̀ tó ń kó sí kòtò.

Bàtà ni wọ́n ń tà, bẹ́líìtì, àpamọ́wọ́,
tìmùtìmù aláwọ pupa, gàárì ẹṣin.
Ẹni tí mo bá bi ní awọ tí a fi ń pọ́n abẹ
á wo gèlè mi, á wo ọwọ́ mi,
á ní, "Hàjíyà, bíléèdì ò ṣáà wọ́n."

Àfi Màlámù Láwàlì tó jókòó sórí ẹní,
tí àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú bí omi èso boonì
tí wọ́n ń rẹ awọ sí.
Ó ṣí abẹ náà, ó fi èékánná tọ́ ọ wò,
ó pòṣé.
"Ta ló ni ín?"
Bàbá mi ni. Onígbàjámọ̀ ni.
Ogójì ọdún ló fi fá orí fún wọn ní Sábóńgàrì,
orí ìkókó, orí ọkọ ìyàwó, orí òkú.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ojú rẹ̀ sì ti ṣú.
Èmi ni mo fẹ́ máa fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn wànzámì tòun fi ń pọ́n tiwọn,
ṣùgbọ́n ó dìde, ó tú ẹrù.
Awọ ewúrẹ́ Sókótó ló kọ́kọ́ jáde, ó pọ́n bí ata rodo.
Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: èyí rọ̀ jù.
Ó fa awọ màlúù kan yọ, ó ní àwọ̀ oyin,
ó ká a lẹ́bàá etí rẹ̀,
ó gbọ́ bó ṣe ń dún.
"Báwo ni kó ṣe gùn tó?"

Ohùn há mi lọ́fun.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.
Awọ bàbá rọ̀ mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí,
èmi ń wá ibi tí òkúta máa jókòó sí
lára rọ́bà ìtayẹ mi.
Mo gé ìdí awọ, mo gé e wọ́gọwọ̀gọ.
Bàbá ò bi ẹnikẹ́ni.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń fa abẹ ní ṣókí ṣókí
bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tóóró.

Mo na apá mi fún Màlámù, láti ìgúnpá dé orí ìka.
Mo ní, "Báyìí. Má gé kúrò níbẹ̀."
Ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, a parí ẹ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀.
Ó fi òrùka idẹ sí i lórí, ó fi ọ̀rá pa á,
ó wá kọ́ mi:
"Ẹ̀yìn abẹ ni kó máa ṣíwájú,
kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀lé e.
Bí ojú bá ṣíwájú, awọ ló máa gé."

Mo ti pinnu lọ́nà pé màá sọ ọ́ lójú abẹ níkòó:
Bàbá, èmi ni.
Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu nígbà tí mo wọlé.
Ó gba awọ náà, ó gbé e símú,
ó fi ìka wọ̀n ọ́n láti òkè dé ilẹ̀,
ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.
"Ìka méjì," ó ní. "Ó ti padà wá."
Ó wá rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n tó fẹ́ kí n fá.
"Àwẹ̀ró,
ẹyẹ ẹga ìjọsí ńkọ́?
Ṣé o tiẹ̀ rí ọ̀kan pa?"