Ìró Abẹ́ Ìjókòó

Abram Friesen ló gbé e wá,
ní òwúrọ̀ tí yìnyín dì mọ́ irun imú wa,
pikọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé tí ìpẹtà ti jẹ létí
bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì.
Ó ní, "Ó ń kùn."
Mo ní, "Ìgbà wo?"
Ó wolẹ̀, ó wòkè. Abram kì í yára sọ̀rọ̀.
"Bí mo bá ń ṣí kúrò lójú kan.
Pàápàá bí mo bá di ọkà sẹ́yìn.
Á gbọ̀n, á wá kùn, ùùùn,
bí ìyá arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.
Bí mo bá sáré kọjá ọgọ́ta, á dákẹ́ bí olè."

Ó ti pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Saskatoon.
Wọ́n ní kó tún gíà ṣe, ó tún un ṣe.
Owó màlúù méjì ti wọ inú ìró kan ṣoṣo,
ìró náà ò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bàbá mi jókòó ti sítóòfù, ó ń mu tíì.
Wasyl Hrynchuk, ọdún mẹ́tàlélógójì lábẹ́ ọkọ̀ olọ́kọ̀.
Etí rẹ̀ ti kú.
Òòlù àti ẹ́ńjìnnì ló pa á díẹ̀díẹ̀,
kò sẹ́ni tó sin ín.
Nígbà tó rí i pé ètè wa ń mì, ó dìde,
ó wọnú ọkọ̀, ó bọ́ bàtà òsì àti ìbọ̀sẹ̀,
ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ irin,
ó ju ọwọ́ sí mi: wà á.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún lápá ọ̀tún. Lápá òsì,
funfun títí dé ibi tí ojú mọ.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n.
Èmi gbọ́ ọ, òun ò gbọ́.
Ó sún àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú, ó sún un sẹ́yìn,
bí ẹni tó ń wá ẹja lábẹ́ odò tó dì,
títí ó fi dúró láàárín gbùngbùn, níwájú ìjókòó.
"NÍBÍ!"
Ó pariwo rẹ̀, bí adití ṣe ń pariwo.

Mo gbé e sórí jáàkì, mo figi dí táyà, mo wọ abẹ́.
Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì débẹ̀ rí:
ṣáàfútì pikọ́ọ̀pù gùn ju kí ó jẹ́ ọ̀pá kan lọ.
Méjì ni wọ́n gé e sí,
wọ́n wá fi bẹ́ríìnì kan gbé àárín rẹ̀ dání,
nínú òrùka rọ́bà,
bóòtì méjì péré ló so ó mọ́ egungun ọkọ̀.
Ẹ́ńjìnnì ló ń gba ìyìn, táyà ló ń gba èébú.
Ta ní í ki bẹ́ríìnì àárín?

Mo yẹ àwọn oríkèé wò. Wọ́n le, ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ wọn.
Mo di ṣáàfútì mú lágbede méjì, mo tì í sókè.
Ó lọ. Kò yẹ kó lọ.
Rọ́bà ti ya yíká, ó rọ̀ jọ̀bọ̀
bí ètè àgbà tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀.
Mo yí i: kàrà, kàrà,
iyanrìn gbígbẹ níbi tí kírísì ń gbé tẹ́lẹ̀.

Abram dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, ó tan tọ́ọ̀ṣì.
"Nǹkan kékeré yìí?"
"Òun ni."
"Èló?"
Mo dárúkọ iye rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín,
lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Táyà tuntun mẹ́rin ń wò ó.

Mo fi ẹfun sàmì sí apá méjèèjì kí n tó tú u,
kí wọ́n lè mọ ara wọn padà.
Bàbá mi ló kọ́ mi: bó o bá gbàgbé àmì,
ìgbọ̀n mìíràn lo fowó rà yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ a tún gba ojú ọ̀nà yẹn.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́.
Òpó wáyà kan kọjá, ìkejì, ìkẹta.
Òtútù ti sọ ẹsẹ̀ náà di pupa.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó tẹ̀ ba, ó wọ ìbọ̀sẹ̀,
ó di okùn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.